Obìnrin Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Wọ́n Fẹ́ Yọ Kúrò Nínú Ìwé Ìdìbò

Kẹrosíìnì tí a fi ń fọ lẹ́tà òjé, àti yíǹkì dúdú tó ti gbẹ sára àkísà: òórùn méjèèjì yìí ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, kí ó tó gbúròó ẹ̀rọ rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, kí n sì tò wọ́n sórí irin pẹlẹbẹ tí mo gbé sí ọwọ́ òsì, láti òsì sí ọ̀tún, ní àdorí-kodò, kí wọ́n lè gún régé nígbà tí wọ́n bá bọ́ sórí bébà. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, orin ìsìn, mo ti to gbogbo ìyẹn títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, wọ́n gbé iṣẹ́ kan wá láti ọ́fíìsì ìdìbò: orúkọ gbogbo ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní àdúgbò wa. Mo to orúkọ télọ̀ tó wà ní iwájú ilé wa. Mo to ti ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà tó kan orúkọ ti ara mi, pẹ̀lú nọ́ńbà níwájú rẹ̀, mo gbé irin náà sí ojú fèrèsé, mo kàn ń wò ó. Ọ̀gá mi béèrè bóyá mo ti sùn lórí ìdúró. N kò sùn. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan náà mú mi, kò sì tíì tú mi sílẹ̀ títí di òní.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìwé ìjọba tó bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ń kà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n mo ní ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo sì ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé Ṣómólú tí gbogbo wa ń pè ní Èkó kì í ṣe Èkó lójú ìjọba. Wọ́n ti yọ Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, àwa sì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Bí o bá rìn láti Fádèyí lọ sí Yàbá láti lọ ra bàtà, o ti kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn láìmọ̀. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ọmọ-onílùú. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ Kólónì ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì sọ di tirẹ̀ pátápátá, nítorí náà ọmọ abẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Ẹni tí wọ́n bí ní etíkun Oǹdó kì í ṣe ọmọ abẹ́ ọbabìnrin. Ẹni tí ọbabìnrin ń dáàbò bò lásán ni. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni nínú wa kí wọ́n tó pín wa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ òfin ìdìbò ní irú ènìyàn méjèèjì ló lè dìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí wọ́n bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí wọ́n sì ń gbé ní agbègbè náà.

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ní Fádèyí ni ìyá kan ti ń ta ẹja yíyan. Ará Ìlàjẹ ni, láti abúlé orí omi tó wà létí ọ̀sà ní Bàrígà. Òun ni mo máa ń ra ẹja ṣáwá lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò mọ ẹja tó dára yàtọ̀ sí èyí tó bá ti wà nínú ọbẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mò ń to orúkọ àwọn olùdìbò, mo sì ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo ká bébà àyẹ̀wò kan, èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ láti fi wá àṣìṣe, sápò, mo sì mú un lọ bá a.

"Ọmọ Èkó, ibo ni mo wà nínú rẹ̀?"

Mo fi hàn án. Ó fi ìka lé orúkọ náà, òróró ẹja sì yí bébà mi. Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

"Ó kéré," ó ní. "Mo rò pé wọ́n máa kọ mí tóbi ju báyìí lọ."

Kò pẹ́ tí wọ́n lẹ ìwé orúkọ náà mọ́ ògiri ní gbangba ni iṣẹ́ kejì dé bá wa. Òfin gbà pé kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ta ko orúkọ ẹlòmíràn, kí ìjọba sì pe ẹni tí wọ́n ta kò láti wá dáhùn. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ta kò, láti abúlé orí omi kan ṣoṣo yẹn. Obìnrin nìkan ni wọ́n nítorí pé ojú òkun ni àwọn ọkọ wọn wà nígbà tí akọ̀wé ìdìbò wá kọ orúkọ; àwọn tó ń yan ẹja ló bá nílé. Ẹni tó fọwọ́ sí gbogbo àtakò náà ni olóṣèlú kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò wa pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ìdí tó kọ sílẹ̀ ni pé àlejò ni wọ́n, pé ilé wọn kò ní nọ́ńbà, àti pé wọ́n máa ń kó lọ sí ìlú wọn lọ́dọọdún. Ìdí tòótọ́ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: àwọn ará etí omi ti ń sọ ní gbangba pé ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, kì í ṣe tirẹ̀, ni àwọn máa dìbò fún.

Mo to orúkọ ìyá ẹlẹ́ja mọ́ ti àwọn tí wọ́n ta kò. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìgbẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ ìkórè ni, ọ̀sẹ̀ tí gbogbo abúlé náà máa ń wọ ọkọ̀ padà sí etíkun lọ ṣe ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn bàbá wọn. Kò sẹ́ni ní Bàrígà tí kò mọ ìgbà tí àwọn ọkọ̀ yẹn máa ń ṣí. N kò lè sọ pé olóṣèlú yẹn ló yan ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo fẹ́ lọ kìlọ̀ fún wọn. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́. Ó ní àwa ń tẹ ìwé ni, a kì í kà á.

"Ọ̀gá, mo ti kà á."

Ó ní tí mo bá ń lọ, kí n mú aṣọ iṣẹ́ mi dání. Mo mú un dání.

Afárá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ènìyàn ń gbà wọ abúlé náà. Èéfín ń yọ láti abẹ́ gbogbo òrùlé, ẹrẹ̀ dúdú sì ń rùn nísàlẹ̀ nítorí omi ti fà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin pé jọ láàárín àwọn àgbá ìyanja, mo sì ka òfin náà fún wọn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, inú mi sì ń dùn ju bó ti yẹ lọ nítorí pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àṣé ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n ti yàn ní Ìyá Ìkórè ọdún yẹn. Ó ti rán aṣọ. Ó ti ń dúró de ipò náà láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Nígbà tí mo kàwé tán, gbogbo wọn yíjú sí i.

Ó béèrè bóyá wọ́n máa pa orúkọ àwọn rẹ́ tí àwọn bá lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí àwọn bá dúró ńkọ́? Mo ní wọ́n á ní láti fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé lóòótọ́. Ìyá àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá kí wọ́n kọ̀wé sí pásítọ̀ pé Ìyá Ìkórè ń bá ìjọba wí lọ́wọ́.

"Ọlọ́run mọ ibi tí mò ń gbé," ìyá ẹlẹ́ja dáhùn. "Ìjọba ni kò mọ̀. Màá dúró sọ fún un."

Mo ti kọ ojú ìwé méjì sílẹ̀, ohun tó máa sọ níwájú ọ̀gá tó máa gbọ́ ẹjọ́, mo sì kà á fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Ó ní ìwé mi dára, ṣùgbọ́n igi ni àwọn máa gbé lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, ó bá mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Òpó mẹ́ta ló wà ní igun kan ṣoṣo. Ọ̀kan ṣì gbé ilé dúró. Kòkòrò omi ti jẹ èkejì dé ìdajì, wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ti dàbí afárá oyin nínú, ìkarahun kéékèèké sì bò ó bámúbámú níta. Ó ṣàlàyé pé bí kòkòrò bá jẹ òpó kan, wọn kì í yọ ọ́ jù nù. Wọ́n máa ń ri tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Òpó kan máa ń tó ọdún bíi mélòó kan kó tó di jíjẹ, nítorí náà ẹni tó bá ka òpó ti ka ọdún tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Èmi tó rò pé mo mọ gbogbo ẹ̀rí tí òfin lè béèrè, n kò ronú kan èyí rí.

Obìnrin méje lọ sí etíkun. Ọ̀kan ní ìyá tó ń ṣàìsàn, òmíràn ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run lórí ọmọ rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìdí tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá wọn wí. Mẹ́rìnlélógún ló kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n fa òpó kẹta yọ nínú ẹrẹ̀, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n sì rìn láti etí omi dé ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Fádèyí, ẹrẹ̀ ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà na ọwọ́ dí wọn, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbé yẹn.

"Ìwé ilé wa ni," ìyá ẹlẹ́ja wí, wọ́n sì gbé e kọjá.

Ọ̀gá tó ń gbọ́ ẹjọ́ jẹ́ ọmọ Yorùbá, bàbá kan tó wọ awò ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olóṣèlú wa kọ́kọ́ dìde, ó ka àtakò rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́ja sọ ti òpó: ẹni tó ri àkọ́kọ́, ẹni tó ri èkejì, àti ọmọ tó bí nínú ilé náà nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ yìí ṣì ń gbé e ró. Èdè Ìlàjẹ ń yọ nínú Yorùbá rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti fi pa mọ́. Ó béèrè irú àlejò tó máa ri igi sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ojú kan náà. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí òfin ti ní ẹni tó ta ko ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ọ̀gá náà ní kí n jókòó, pé òun mọ òfin. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí olóṣèlú, ó bi í bóyá ó ti dé abúlé náà rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òórùn ibẹ̀ kò ṣeé fara dà."

"Ẹja wa ló jẹ lánàá o," obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó pe orúkọ kan nínú ìwé, ó ní kí olóṣèlú fi ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn òun nínú àwọn tó jókòó. Ọkùnrin náà wo ojú mẹ́rìnlélógún, ó fọwọ́ kan táì rẹ̀, ó jókòó.

Orúkọ mẹ́rìnlélógún ló dúró. Méje ni wọ́n pa rẹ́, nítorí òfin ní kí ẹni tí wọ́n pè wá fúnra rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti ń dìde láti lọ, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja kò kúrò níwájú tábìlì. Ó ní òpó àwọn méje náà wà nínú omi, kí ọ̀gá ránṣẹ́ lọ wò ó. Ọ̀gá ní òun kò lágbára bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé òun kò gbà. Ọ̀gá náà mú bírò, ó sì kọ ọ́. Mo rí i tó kọ ọ́.

Ọ̀gá mi ní ilé ìtẹ̀wé kò tíì rí ẹlòmíràn tó lè to lẹ́tà, nítorí náà ó gbà mí padà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé fún mi ni ìwé orúkọ tó pé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ ìlà méje náà kúrò láàárín òjé, tí mo sún àwọn yòókù pọ̀ kí àlàfo má bàa hàn. Kí n tó da àwọn lẹ́tà náà padà sínú àpótí, mo kọ orúkọ méjèèje sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ní ọjọ́ ìdìbò, ìyá ẹlẹ́ja ti wà lórí ìlà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Aṣọ tó rán fún ìkórè ló wọ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ìjọba ló ń sọ ènìyàn di ọmọ-onílùú: Gẹ̀ẹ́sì lánàá, tiwa lọ́la, wọ́n á kọ̀wé, ìwọ á sì di nǹkan. Àwọn obìnrin yẹn kò dúró de ìwé. Wọ́n ti ri ara wọn sí Bàrígà kí akọ̀wé kankan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn sì sọ pé wọn kì í ṣe ará ibẹ̀, wọ́n lọ sọ fún ìjọba pé irọ́ ni. Láti ìgbà náà, n kò ka ìwé ìjọba kankan bí ẹni pé òun ló ni òótọ́. Mò ń kà á láti mọ ẹni tó yọ sílẹ̀ ni.

Àwọn méje yẹn ni mo ń wá láti ọjọ́ náà. Mo ti ka ìwé olùdìbò tó jẹ́ pé eku ti jẹ etí rẹ̀. Mo ti bá ọkọ̀ lọ sí etíkun, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà. Àwọn ọmọ mi sọ pé àìsàn ni. Tí mo bá ti rí orúkọ kan nínú ìwé ìdìbò tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà àti àdúgbò, mo máa ń fi bírò pupa sàmì sí i. Ọdún tó kọjá ni mo rí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí ọmọ rẹ̀ nínú ìwé àtijọ́ kan: ó ti padà sí Bàrígà, ó forúkọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ta kò ó. Mẹ́fà nínú méje ni mo ti rí báyìí.