Àga Òkè Òkun

Àga oníke funfun kan wà nínú gbọ̀ngàn ìlú wa tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ÒKÈ ÒKUN sí lẹ́yìn. Àga yẹn ni èmi. Àga yẹn ni gbogbo àwa ọmọ ìlú tó wà ní ìlú ọba, ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà, níbi gbogbo tí òtútù ti ń gún wa léegun. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ọkùnrin kan fi jókòó síbẹ̀ lórúkọ wa, tí kò sì bi ẹnì kankan nínú wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ìjà tí mo ti dá sílẹ̀ níbẹ̀ ti tó. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé àríwá Èkìtì ni, pé bí ẹ bá wọ takisí ní Ọ̀yẹ́, tí wọ́n kó ènìyàn mẹ́rin sẹ́yìn àti méjì síwájú, tí ẹ gba ọ̀nà Ìsàn, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀.

Ní ìlú wa, ènìyàn kì í kàn dìde níbi ìpàdé kó máa sọ̀rọ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀, bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó jẹ́ ẹnu fún un. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, wàá sọ ọ́ sí i létí, òun ni yóò dìde sọ ọ́ fún ìlú. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ètò yẹn, torí bàbá mi ni ẹnu bẹ́ǹṣì wa nígbà ayé rẹ̀, kì í sì í dìde láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí àwa tó wà lẹ́yìn odi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwa náà fẹ́ wà níbẹ̀, ìlú ní a ò lè ní bẹ́ǹṣì, a ò sí nílé tí a ó fi jókòó sórí rẹ̀. Wọ́n ní a lè ní àga kan. A dúpẹ́ títí, bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ta ni yóò wá jókòó níbẹ̀? Ibí yìí ni ìwà òmùgọ̀ tiwa ti bẹ̀rẹ̀, n ò sì ní yọ ara mi sílẹ̀. Ní ọdún Kérésìmesì kan tí ọ̀pọ̀ wa wálé, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ki oríkì bàbá wa, ó ki ti ìyá wa, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá tí àwa fúnra wa kò mọ orúkọ wọn mọ́. Obìnrin kan láti Kánádà sunkún títí tí tìróò rẹ̀ fi ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi náà sunkún. Bí a ṣe padà dé ibi iṣẹ́ wa, ẹnì kan kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù pé bàbá yìí ni kó jókòó fún wa, gbogbo wa sì kọ "Àmín," ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ibi tó jìnnà jù tí bàbá náà dé láyé rẹ̀ ni Kùtọnu, ọkọ̀ àlòkù ló lọ rà. Ẹni tó mọ oríkì wa la fi ṣe aṣojú, a ò béèrè bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe wá.

Lẹ́yìn náà, ta ni yóò pe àgbà wá jíhìn? Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yẹ kí Bàbá sọ ohun tí wọ́n jíròrò fún wa?" ẹlòmíràn á fèsì pé, "Ẹ fara balẹ̀, àgbà ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹni tó fèsì bẹ́ẹ̀ jẹ́ èmi. Mo lọ wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù mi láìpẹ́ yìí, mo rí i, ojú tì mí.

Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyí. Níbi tí mo ti jẹ́ àjèjì, tí àwọn alábòójútó níbi iṣẹ́ kò lè pe orúkọ mi já gaara, wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé mi nígbà ìdìbò pé kí n jọ̀ọ́ wá yan ẹni tó wù mí. Lẹ́tà náà á gba ihò ilẹ̀kùn wọlé, á bọ́ sórí ẹní ìnusẹ̀. Níbi tí wọ́n ti sin ìwọ́ mi sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, orílẹ̀-èdè mi ní bí n kò bá sí nílé lọ́jọ́ ìdìbò, n kò lẹ́nu. Mo gba èyí fún Àbújá, Àbújá jìnnà. Mi ò mọ̀ pé ilé tiwa náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Àbúrò mi obìnrin kú lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn Ìdó. Ọmọ ń mú un, kò sí ilé ìgbẹ̀bí nílùú, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà láàárín ọkọ rẹ̀ àti ẹni tó ń wa ọ̀kadà náà. Ó kú, ọmọ náà sì kú. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo gbẹ̀bí fún obìnrin mẹ́ta tí n kò mọ̀ rí, gbogbo wọn ló gbé ọmọ lọ sílé. N kò lè ṣàlàyé ohun tí èyí ń ṣe sí ènìyàn nínú. Torí rẹ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ṣe kọ́ ilé ìgbẹ̀bí oníyàrá mẹ́rin sí iwájú ilé ìyá mi. A kó bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, a gbé táǹkì omi síbẹ̀, a fi iná oòrùn sórí òrùlé, ìlú sì wá agbẹ̀bí tó gbé ibẹ̀ tọmọtọmọ. Ìyá mi ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àbúrò mi sára ògiri. Ó ní òun ò fẹ́ máa rí i lójoojúmọ́.

Ní ọdún tó kọjá, mo ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ nígbà tí ìyá mi pè.

"Ìwọ ọmọ mi, wọ́n ti í kó bẹ́ẹ̀dì jáde o."

"Bẹ́ẹ̀dì wo, Yèyé?"

"Ti ulé ìgbẹ̀bí. Àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n fẹ́ kó síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin òkè òkun ti gbà."

Mo ní, "Àwa wo?"

Ìyá mi ní òun náà bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní aṣojú wa ti fọwọ́ sí i nínú ìpàdé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà ń wá yàrá káàkiri agbègbè Ọ̀yẹ́, wọ́n ti ń wá a dé ọ̀dọ̀ wa, ìlú sì ti rí i pé ilé oníyàrá mẹ́rin tó ní omi àti iná kò yẹ kó máa dúró de aboyún. Agbẹ̀bí ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà. Mi ò bínú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa fi orí lé. Àwọn àgbà tiwa ni mo bínú sí. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Wọ́n fá tiwa kodoro.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, mo wálé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àdúgbò wa, níbi tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Akọ̀wé wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ibi tiyín kọ́ nìyí. Ẹ̀yin ti ní àga." Mo wo àga náà. Bàbá olóríkì wà lórí rẹ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ara. Mo ní ibo ni kí n wá jókòó sí. Akọ̀wé ti padà sídìí ìwé rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá gba àwo tó fi gbé oúnjẹ wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé ìgbẹ̀bí, mo sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rú òfin bẹ́ǹṣì nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní òkè òkun ti sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwa tí ẹ ń jókòó fún, ta ni ẹ bi?"

Bàbá náà yí ọrùn sí mi. Inú kò bí i. Ìyàlẹ́nu ni mo rí lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Ìsí ni kí mi bi? Ẹ sí nílé ni? Ọdún mẹ́sàn-án rèé, ẹnì kan nínú yín kò pè mí rí pé kí ni ulú wí. Mo rò pé gbogbo ohun tí mo bá ti ṣe ló tẹ́ yín lọ́rùn."

Òótọ́ ni, ó sì korò. Alága ìpàdé gbá ọ̀rọ̀ náà mú kíá, ó ní ẹni tí kò mu omi ìlú kò lè máa sọ bí wọn ó ṣe pọn ọ́n. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo ti ń dìde láti máa lọ nígbà tí ìyá mi dìde láti àárín àwọn obìnrin, lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, níbi tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí tí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n ní nǹkan.

"Èmi í mu omi ulú yìí," ó ní. "Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo ti í mu ún. Iwájú ulé mi ni ẹ ti kó bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìsí bi mí?"

Ó tún un béèrè, ta ni ó bi òun. Ó na ọwọ́ sí àwọn obìnrin tó yí i ká, aboyún méjì wà nínú wọn. "Ìsí bi èyí? Ìsí bi tọ̀hún?"

Mo ti lérò pé torí pé mo lọ ni wọn kò ṣe bi mí. Ìyá mi kò lọ sí ibì kankan, wọn kò sì bi òun náà.

Alága ní kí ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Mo mọ ohun tó ń retí, pé ọkọ̀ òfuurufú á ti gbé mi lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kọ̀wé sórí Wọ́sáàpù, a dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì ní láti oṣù tó ń bọ̀, ìyá mi ni yóò máa jókòó sórí àga wa. Ẹnì kan fèsì pé, "Ẹ fara balẹ̀, àgbà ni wọ́n." Mo kọ ọ́ padà pé àgbà ni ìyá mi náà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo wà nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ìyá mi ti jókòó sórí àga náà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ ikọ́ àwọn àgbà àti bí bẹ́ǹṣì ṣe ń dún. Mo gbọ́ ohùn alága.

"Yèyé, ẹ gbé fóònù yẹn sápò. Fóònù kì í ṣe ènìyàn, kò lè bá ulú sọ̀rọ̀."

Ìyá mi kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Alága, ọmọ mi, ìgbà tí ẹ í tọrọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ wọn, kí ni ẹ fi tọrọ? Ìgbà tí ẹ ní kí wọ́n gbé táǹkì wá, kí ni ẹ fi sọ ọ́? Fóònù ni. Lọ́jọ́ nì, ènìyàn ni, àbí kì í ṣe ènìyàn?"

Àwọn obìnrin ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni gbogbo gbọ̀ngàn. Ó pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Alága wúkọ́, ó sì sọ ohun tí a ti ń retí fún ọdún mẹ́sàn-án: "Ó dáa. Òkè òkun, kí ni ẹ wí?"

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ojú ìwé méjì. Mo ti fi òwe sí i, mo ti kí àwọn àgbà láti orí dé ẹsẹ̀. Mo wo ìwé náà, n kò rí ohun tí mo kọ mọ́. Àbúrò mi ni mo rí, láàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà.

Mo ní, "Ẹ kó àwọn bẹ́ẹ̀dì náà padà."

Mo gbọ́ tí ìyá mi tún un sọ fún wọn, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò sì yọ ọ̀kan kúrò.