Ohun Tí Màmá Qiu Ń Kà Lẹ́nu Ọmọ Wọn

Màmá Qiu kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ ní ìlú Luoyang wa níbí ní Ṣáínà, ariwo ẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba etí wọn tán. Ètè ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mọ ohun téèyàn ń sọ. Èmi tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú wọn ní ọsibítù, bí mo bá ń jẹun lásán, wọ́n á ní, "Kí lò ń sọ nípa mi?"

Jẹjẹrẹ ikùn ló ń ṣe wọ́n. Ruizhen, ọmọ wọn obìnrin, bẹ gbogbo wa pé ká máa pè é ní egbò inú. Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń ṣe fún àgbà, kí àyà wọn má baà já. Màmá kàn ń fura ṣáá.

"Egbò inú lásán, ọmọ mi ọkùnrin wá wọ bàálù wálé? Ẹni tí kò wálé ọdún?"

"Ó fẹ́ràn yín ni, Màmá."

"Irọ́ ò yẹ ọ́. Ètè ẹ ń gbọ̀n."

Dókítà tó máa kùn wọ́n lóorun fún iṣẹ́ abẹ wá bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò nílé. Ruizhen ló dáhùn kíá, bí ọmọ rere: "Kò sí o, àfi ti ẹ̀jẹ̀ ríru." Màmá wò ó lẹ́nu, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ti báàgì wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí sì ṣe mí bákan.

Iṣẹ́ abẹ parí, Màmá jí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ń fa rọ́bà imú wọn tu, wọ́n ní òwú ti já lórí ẹ̀rọ, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá tó ń ṣọ́ wọn.

Dókítà ní, "Ó jọ pé oògùn oorun tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni ara wọn ń bèèrè. Bí a ò bá mọ èyí tí wọ́n ń lò, orí wọn lè má tètè padà sípò."

Ruizhen ní irọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí ojú Màmá wálẹ̀ díẹ̀, ó gbé ojú ẹ̀ síwájú tiwọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Àìsàn wo ló ń ṣe mí?"

Ruizhen wò mí. Èmi ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Ó wá la ẹnu láìsí ohùn, ètè nìkan ló fi sọ ọ́.

Màmá wá mi orí. "Mo ti rí i lẹ́nu ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin, láti ẹ̀yìn gíláàsì ilẹ̀kùn. Oògùn oorun ni mò ń lò, látìgbà tí bàbá yín ti kú. Ó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ pupa, nísàlẹ̀ báàgì mi. Ìwọ ń fi tìẹ pamọ́, èmi náà fi tèmi pamọ́."

Dókítà mú oògùn náà, ó lọ wá ohun tó máa fún wọn. Ruizhen ń sunkún. Màmá yíjú sí mi.

"Ìwọ, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gé gbogbo ẹ̀ kúrò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tẹjú mọ́ ètè mi, wọ́n ní kí n tún un sọ, kí n rọra sọ ọ́.