Ọjọ́ Tí Èbúté Dí Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Prámárì síìsì ni mo kà mọ, àmọ́ láyé ìgbà tí káfẹ́ ìńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Benson ní Ìkòròdú, àwọn tó gboyè ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà káfẹ́ mi. Èmi ni mo so gbogbo wáyà ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan wá láti Ẹ̀pẹ́. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá sì ṣú, wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́. Ìyàwó mi ń bá a tẹ fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ nígbà tí sáfà, ètò tó ń pín ìńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo kọ̀ǹpútà mi, gan. Mo tì í, mo tún un ṣí. Èdè òyìnbó ló kọ síwájú mi. Ìyàwó mi, tíṣà ni, ló kà á: wọ́n ní ẹnì kan ti ń lo àdírẹ́ẹ̀sì náà, póòtù ò ṣófo.

Inú bí mi. Mo ní oníkáfẹ́ òdìkejì ló jí àdírẹ́ẹ̀sì mi, mo ti ń wá bàtà. Ìyàwó mi fà mí láṣọ.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ fẹ́ lọ jà nítorí nọ́mbà ojúlé ni?"

Obìnrin Ẹ̀pẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun ti jókòó sílé lọ́dún tó kọjá, kò sì jẹun láti àárọ̀.

Mo bi ìyàwó mi pé kí ló ń jẹ́ póòtù. Ó ní èbúté ni.

Èbúté kẹ̀? Èmi tí wọ́n bí sí Èbúté Ìkòròdú? Bí ọkọ̀ ojú omi bá já èrò tán tí kò tú okùn, ta ló máa ráyè gúnlẹ̀ síbẹ̀? Sáfà tí mo tì yẹn, ojú rẹ̀ nìkan ló lọ, òun fúnra rẹ̀ ṣì so mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń kọ orúkọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo pa á.

Mo ṣí tuntun, ó tún kọ̀. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni, kí ìgbì rẹ̀ rọlẹ̀ ná. A dúró díẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó gbà.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù lọ tán, obìnrin náà pe ọmọ rẹ̀.

"Ó ti wọlé. Dìde, lọ jẹun."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà pé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó bá máa gún, ara mi ni kó gún un sí.