Yẹ̀pẹ̀ Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nínú Odò Àbàtà

Ìbídùn kò kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń rò. Baba rẹ̀, Ifálérè, ló fi ọ̀pá ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, torí pé kò bí ọkùnrin, kò sì rí ìdí tí ọmọbìnrin ò fi lè mọ ibi tí omi jìn àti ibi tí kò jìn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tó ti ń gbé èrò láti èbúté tó wà nísàlẹ̀ Lagbé lọ sí Abẹ́ Ọ̀pẹ, abúlé kékeré kan tí odò àti irà yí ká, tí sẹ́mìjáàn kankan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ò lè dé. Gaàrí àti epo tí wọ́n bá fẹ́ tà níbẹ̀, inú ọkọ̀ ló ń bá jáde. Iyọ̀ àti ọṣẹ tí wọ́n bá fẹ́ rà, inú ọkọ̀ ló ń bá wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, ọkọ̀ náà ni.

Ọkọ̀ Ìbídùn kò dojú dé rí. Kì í gbà ju èrò mẹ́jọ lọ. Bí ẹnì kẹsàn-án bá ń bẹ̀ ẹ́, á ní kó jókòó sí èbúté kó dúró de òun, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń sọ pé ó le.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, agbaṣẹ́ṣe kan kó ẹ̀rọ wá láti ṣe afárá sórí Odò Àbàtà fún ọ̀nà tó lọ sí Banigbé. Victorin ni orúkọ ọ̀gá iṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tó ń dé fìlà ike funfun, tí kì í bá ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kí ẹ̀rọ wọn lè ríbi gbà, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa sínú odò, kámíọ́ọ̀nù akẹ́rù kan lẹ́yìn òmíràn, títí yẹ̀pẹ̀ náà fi dí ohun tó ju ìdajì omi lọ. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Nígbà tí afárá parí, wọ́n kó ẹ̀rọ, wọ́n kó irin, wọ́n tilẹ̀ tú pákó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n kó o lọ. Yẹ̀pẹ̀ nìkan ni wọn ò kó.

Ìbídùn lọ bá Victorin lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Lẹ́ẹ̀kìíní, ọkùnrin náà ní kíkó yẹ̀pẹ̀ náà wà nínú ètò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òjò yóò gbé e lọ. Ìbídùn sọ fún un pé òjò kì í gbé irú yẹ̀pẹ̀ yẹn lọ, ńṣe ló máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì lọ. Bí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, yẹ̀pẹ̀ náà tẹ́ bí ẹní sábẹ́ omi. Ẹni tó bá dúró létí odò á rò pé omi ti kún. Lórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, omi kò mu èèyàn kọjá ojúgun, ó sì pọ́n débi pé ojú kò lè rí ìsàlẹ̀. Ojúṣe ẹni tó gba owó iṣẹ́ ni kó kó ìdọ̀tí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọdé tó bá gbálẹ̀ ilé mọ èyí.

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìbídùn rí àlàfo tóóró kan lọ́wọ́ òsì, ibẹ̀ ló ń gbà. Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, ó gbé èrò mẹ́fà. Scholastique wà lára wọn, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó gbé àpótí yìnyín tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ lé itan. Bàbá Yésúfù, àgbẹ̀ Abẹ́ Ọ̀pẹ, jókòó síwájú rẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́rin sì wà lẹ́yìn. Òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú, ó sì ti dí àlàfo náà. Kí Ìbídùn tó mọ̀, imú ọkọ̀ ti gun yẹ̀pẹ̀. Omi ti ìdí ọkọ̀ yípo, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpótí yìnyín já bọ́, ìdérí rẹ̀ sì ṣí. Scholastique bẹ́ sómi lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn igò kéékèèké náà ti ń léfòó lọ nínú ẹrẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, wọ́n ń ti ọkọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Ní Abẹ́ Ọ̀pẹ, àwọn ìyá ti kó ọmọ méjìdínlógójì jọ sábẹ́ igi láti ìdájí. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ọmọ wọn, wọ́n lọ sílé. Scholastique ní ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí abẹ́rẹ́ mìíràn tó dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn òṣìṣẹ́ ọba mẹ́ta wá ṣe ìwádìí. Wọn ò dé odò. Inú yàrá kan ní ilé ìwòsàn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n kọ procès-verbal, ìwé àbájáde ìwádìí wọn, lédè Faransé, wọ́n sì pe Ìbídùn wọlé nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán. Wọ́n ní ó gbé èrò mọ́kànlá, pé àpọ̀jù èrò ló mú kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ náà le fún obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀, pé láti ọjọ́ náà lọ kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́. Ìbídùn ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi ìwé náà hàn án: Scholastique ti buwọ́ lù ú. Ìbídùn kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ àwòrán orúkọ náà, torí ó ti rí i lára káàdì àìmọye ọmọ.

Ó jáde. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bómi lọ ni èéyí, àrùn tí abẹ́rẹ́ yẹn ì bá dènà, wọ Abẹ́ Ọ̀pẹ. Ọmọ mẹ́sàn-án ló mú. Chérifath, ọmọ-ọmọ Yésúfù, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló mú jù. Nígbà tí ojú rẹ̀ wú tí kò lè là á mọ́, Yésúfù ní kí wọ́n bá òun ké sí Ìbídùn lódìkejì omi, torí àwọn ọlọ́kọ̀ tó kù ti sá fún ibi tí yẹ̀pẹ̀ wà. Ìbídùn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá òun láṣẹ. Ó ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi, ó lọ gbé wọn. Nígbà tó débi yẹ̀pẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó so okùn mọ́ èjìká, ó sì ń fa ọkọ̀ kọjá lórí ẹrẹ̀ náà, ọmọ ń sunkún nínú rẹ̀, bàbá àgbà sì ń tì í lẹ́yìn.

Chérifath kò kú. Ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́.

Ọjọ́ tí dókítà sọ èyí fún Yésúfù, Ìbídùn bá Scholastique lẹ́yìn ilé ìwòsàn níbi tó ti ń sá aṣọ. Ó máa ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Scholastique ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó sọ ohunkóhun. Ó ní ọ̀gá òun sọ pé bí kò bá jẹ́ ẹ̀bi ọkọ̀, a jẹ́ pé òun ló ba oògùn ìjọba jẹ́, àti pé wọn ò tíì tún ìwé iṣẹ́ òun ṣe fún ọdún tó ń bọ̀.

"Mi ò bínú pé ẹ̀rù bà ọ́," Ìbídùn wí. "Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. O jókòó sínú ọkọ̀ mi, o fi ojú ara rẹ ka èrò mẹ́fà, o wá buwọ́ lu mọ́kànlá. Lọ bá Bàbá Yésúfù nínú ilé, kí o ka mọ́kànlá yẹn fún un."

Scholastique kò lè lọ. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó kọ ìwé mìíràn fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrò mẹ́fà ni àwọn, pé yẹ̀pẹ̀ agbaṣẹ́ṣe ni ọkọ̀ gùn, àti pé òun parọ́ nínú ti àkọ́kọ́. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ọba náà. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Nínú oṣù kọkànlá, àwọn ọ̀gá ìjọba wá gba afárá náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, wọ́n ń pè é ní réception. Wọ́n dúró lórí afárá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Victorin fẹ́ ya fọ́tò ẹsẹ̀ afárá láti ojú omi, ó sì ń wá ẹni tí yóò gbé òun. Àwọn ọlọ́kọ̀ wo ara wọn. Ìbídùn ní òun yóò gbé e. Ọkùnrin náà kò dá a mọ̀.

Òun nìkan ló jókòó sínú ọkọ̀, fóònù lọ́wọ́. Ìbídùn kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ojú ọ̀nà tí baba rẹ̀ kọ́ ọ, àárín odò níbi tí omi ti jìn jù láyé ìgbà yẹn, ló gbà. Nígbà tí ó ku bí ogún ìgbésẹ̀ kí wọ́n dé abẹ́ afárá, ọkọ̀ gun yẹ̀pẹ̀, ó sì dúró gbọn-in.

Victorin ní kó tì í. Ìbídùn gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, èrò mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yìí?"

Ọkùnrin náà tún ní kó tì í. Ìbídùn tún bi í léèrè, ohùn rẹ̀ kò ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí afárá ti sún mọ́ etí afárá, wọ́n ń wò.

"Ẹnì kan," ló wí níkẹyìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè, kí àwọn akọ̀wé tó wà lókè yẹn lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n kọ nígbà tó kọjá."

Victorin sọ̀ kalẹ̀ tòun ti bàtà, omi kò sì dé orúnkún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ rìn já àárín odò tó ní òjò yóò tún ṣe, títí ó fi gun òkè. Lórí afárá, Scholastique ti dúró ti ẹni tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọ̀gá náà, ó fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn.

Wọn ò buwọ́ lu ìwé afárá lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ padà wá, ó sì fi ọjọ́ méjì péré kó yẹ̀pẹ̀ náà. Ọjọ́ méjì! Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló gba ojú ọmọ kan. Kò sẹ́ni tó wá sí Abẹ́ Ọ̀pẹ láti bẹ Yésúfù, kò sẹ́ni tó bi í léèrè kí ló fẹ́ fi tọ́ ọmọ náà. Scholastique ni wọ́n kọ̀wé sí, wọ́n gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn náà lọ sí ibi tó jìnnà.

Ìbídùn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó ní ó gbé èrò mọ́kànlá ṣì wà ní ọ́fíìsì. Ó ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láti sọ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú irọ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ó ti wọ archives, ibi tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí, a kì í yí i padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, akọ̀wé kan bi í pé ó ṣáà ti ń rí ọkọ̀ wà, kí ló tún fẹ́ fi bébà ṣe. Ìbídùn jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ó sì sọ fún ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn pé lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, òun yóò padà wá.