Mo Ra Ọ̀dà Méjì, Ìyá Mi Mú Ẹ̀kẹta

Ẹ gbà mí o, ọ̀dà fẹ́ yọ mí lẹ́mìí lónìí!

Mo fẹ́ tún ilé wa ní Aramoko kùn fún ìyá mi. Mo ra kíríìmù, mo ra aláwọ̀ eérú, kí wọ́n lè mú èyí tó bá wù wọ́n. Akunlé tọ́ méjèèjì wò lára ògiri iwájú, ó fi àyè díẹ̀ sáàárín wọn.

Mama gbé àga síwájú ògiri, wọ́n ń wò ó láti àárọ̀.

Mo ní, "Mama, ṣé ti eérú yìí ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ulé mi jóná?"

"Kíríìmù ńkọ́?"

"Ti ilé ìwòsàn nìyẹn."

Mo káwọ́ lérí. "Ẹ ṣáà mú ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ kan àyè àárín yẹn, níbi tí ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà. "Èyí ni mo mú."

Nígbà tí Bàbá kun ilé yẹn, Ìpínlẹ̀ Ondo la ṣì ń kọ sídìí àdírẹ́sì wa! Mama ní búlúù làwọn fẹ́, Bàbá fẹ́ yẹ́lò. Nígbà tí àríyànjiyàn ò tán, Bàbá da méjèèjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó fi igi rò ó pọ̀, ó fi kunlé.

Mama ní, "Lọ po irú rẹ̀ wá."

Bàbá nìkan ló mọ bó ṣe pò ó, Bàbá sì ti dolóògbé.

Akunlé ti jókòó, ó ń wò mí. Èmi náà ń wo ẹ̀yin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀dà, ẹ dá mi lóhùn: agolo búlúù mélòó, agolo yẹ́lò mélòó, kí ìyá mi tó rí ọkọ wọn lára ògiri?