Àgádágodo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà wa

Wọ́n tún ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa pa lónìí, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe tì í.

Obìnrin kan ló gun òkè ńlá kan tí yìnyín bo orí rẹ̀, àwọn èèyàn sì dá owó fún un nítorí ẹ̀, kí àwa tá a ń tajà ní Ayọ̀bọ̀ lè rí omi tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lò. Wọ́n ti kọ́ ọ parí láti ọdún tó kọjá. Bàbá alága ọjà fi àgádágodo sí i, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dọ̀tí kí obìnrin náà tó wá wò ó.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni gbogbo wa ń lọ.

Láàárọ̀ yìí, obìnrin náà dé. Bàbá ṣílẹ̀kùn. Inú ibẹ̀ ń dán, omi ń dà wàà. Obìnrin náà ní òtútù òkè yẹn ló pa ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun kan, wọ́n sì gé e. Ó wá bi wá, "Ṣé ẹ̀ ń lò ó dáadáa?"

Bàbá ní, "À ń gbádùn ẹ̀ gan-an, ọmọ mi."

Bàbá ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wà. Èmi náà bá mi orí sí i.

Bí mọ́tò ẹ̀ ṣe lọ tán, Bàbá tún fa àgádágodo yọ lápò láti tì í.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti rí i náà."

"Ó ní òun á tún padà wá. Ṣé kó wá bá ìdọ̀tí ni?"

Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fún Bàbá?