Lẹ́búlẹ́bú Irin Tí Ebi Afẹ́fẹ́ Ń Pa

Ọwọ́ ọkùnrin náà tóbi. Tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀, o lè má rí ọwọ́ tìrẹ gbà padà títí di ọ̀sán. Ọlọ́wọ́ńlá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tínú rẹ̀ bá dùn, ìyẹn ni pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ irin kúnná. Lẹ́búlẹ́bú oríṣi irin márùn-ún ló ń kó sínú agolo irin kan, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, kò sọ́ba, kò síránṣẹ́ láàárín wọn. Á da àwọn ọmọ irin roboto lé wọn lórí, á fi gáàsì tí kì í gbiná lé afẹ́fẹ́ jáde, á dé e pa, á wá gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á máa fi agolo náà pòòyì bí ẹni tí orí ẹ̀ dà rú. Àwọn ọmọ irin á lu lẹ́búlẹ́bú náà lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á tún lù ú fọ́, wọ́n á tún lù ú lẹ̀, títí irin márààrún á fi gbàgbé ilé bàbá wọn.

Àmọ́ lẹ́búlẹ́bú náà a máa lẹ̀ mọ́ ara agolo. Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ dúró, kó ṣí i, kó sì ha á kúrò. Inú àpótí gíláàsì tí gáàsì kún ni òfin ní kó ti ṣe é, nítorí irin tó bá ti kúnná tó bẹ́ẹ̀, ebi afẹ́fẹ́ ló máa ń pa á. Bó bá rí i, á mu ún bí ẹni tó ti aginjù dé; bó bá mu ún lámujù, á gbiná. Ìbọ̀wọ́ wà lára àpótí náà tí èèyàn ń kọ́wọ́ bọ̀, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́wọ́ńlá tó wọ̀ ọ́, ó dà bí ẹni ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún erin.

Lọ́jọ́ kan, sùúrù rẹ̀ tán. Ó ṣí agolo lórí tábìlì. Ó ní òun á tètè ha á, òun á sì dé e padà.

Kò tíì ha á dé ìdajì tí ohun pupa kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú lẹ́búlẹ́bú náà, bí èèrà tó gbé fìtílà. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Ó fi ìdérí bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó tún yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ ti kú. Apá kan kàn dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pò ó mọ́ra, ó sì dá a padà sórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣọ́ iléru. Oníléru ni wọ́n ń pè é. Ó gba lẹ́búlẹ́bú náà, ó rọ ọ́ sínú ohun tí wọ́n fi ń mọ àwo, iléru sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ti ń yan án. Irin kì í yọ́ níbẹ̀. Ooru ló ń mú kí hóró kọ̀ọ̀kan di èkejì mú. Ṣùgbọ́n hóró tó bá ti mu afẹ́fẹ́ ti wọ aṣọ ìpẹtà. Aṣọ á máa kan aṣọ, ara ò ní kan ara, ihò á sì ṣẹ́ kù láàárín wọn.

Àwo irin tó jáde dán débi pé eṣinṣin lè fi ṣe dígí fá irùngbọ̀n. Oníléru kàn án wò. Ó yẹ kó dún gbọnrangandan. Ó dún gbì.

"Àna mi, àwo yìí dáhùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun."

"Ẹ̀yin náà ẹ lọ wọ iléru, Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ jáde kẹ́ ẹ wá kọrin."

Oníléru rẹ́rìn-ín.  Ọlọ́wọ́ńlá mọ ohun tó kù: lọ́jọ́ kejì, wọn á gbé àwo náà sábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ ìdánwò, wọn á máa yí i kíákíá títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Oníléru a sì máa tẹ́ ọwọ́ lé ìdérí náà, á fi etí tì í, ó ní òun ń gbọ́ èémí rẹ̀. Bí àwo tó kún fún ihò bá fọ́ níbẹ̀, bébà ni ìdérí yẹn lójú àfọ́kù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní àwo yín dán," ni ìyàwó rẹ̀ wí nídìí oúnjẹ.

"Ó dán."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń jẹun bí ẹni ń jẹ ìṣó?"

Ó bu òkèlè míì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ìdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Oníléru tẹ́wọ́ lé ìdérí, ó tẹ orí wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbórí kúrò níbẹ̀."

"Ó ṣe?"

"Orí tábìlì ni mo ti ṣí i. Ó gbiná, mo sì pò ó mọ́ ìyókù."

Oníléru wò ó bí ẹni ń wo ejò tó ti wà nínú ẹ̀wù tẹ́lẹ̀. Ó rọra gbé ìka kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pa ẹ̀rọ. Nígbà tí àwo náà dúró, ó jù ú sínú omi. Ìfófòó kéékèèké ń tú jáde láti inú ihò ara rẹ̀, wọn ò sì tètè tán.

"O mọ̀ pé orí mi ló máa wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti àná?"

"Láti àná."

Oníléru kò fẹjọ́ sùn ọ̀gá. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ni yóò dúró tì í."

Ọlọ́wọ́ńlá lọ òmíràn. Ó ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ àpótí títí awọ ẹ̀yìn ọwọ́ fi bó. Àwo tuntun jáde, wọ́n kàn án, ó dún dáadáa. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí. Àna rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri bíríkì, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì.

"Ṣé o ti dúró dáadáa?"

"Mo ti dúró, Ẹ̀gbọ́n."

Àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọlọ́wọ́ńlá ń gbìyànjú láti rántí bóyá òun rí ohun pupa kankan nínú àpótí náà, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ ti di bàìbàì láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mo fẹ́ fi kún eré ẹ̀," ni Oníléru wí.

Kò dúró gbọ́ èsì kó tó fi kún un.